Nọ́ńbà Tí Èyítáyọ̀ Há Sórí

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Èyítáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọ̀nà aṣálẹ̀ ló sì gbà lọ ní ọdún 2013. Ó ní Ítálì ni òun ń lọ. Kano ni wọ́n ti wọkọ̀, wọ́n gba Agadez, ibẹ̀ ló sì ti pè mí kẹ́yìn, lórí fóònù ẹlòmíràn, tí ariwo ọkọ̀ ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní wọ́n ti gba fóònù òun àti ohun gbogbo tó wà lápò òun. Ó ní, "Yèyé, nọ́ńbà yín nìkan ni mo há sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ o." Mo ní n kò ní pààrọ̀ ẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí mo bá wà ni fóònù yẹn wà. Mo máa ń gbé e lọ́wọ́ bí mo bá ń lọ wẹ̀ pàápàá.

Orúkọ tèmi ni Sẹ̀kínátù. Ọmọ Kàbà ni mí, ṣùgbọ́n Abuja ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Atẹ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, láti ayé ẹ̀rọ atẹ̀wé onírin títí di ayé kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó ní kí n lọ sinmi. Ìsinmi! Ẹni tó bá ní ìsinmi dùn, kó wá bá mi jókòó ní Kuje. Àtàndá ọkọ mi ti kú. Bí mo bá sọ fún àwọn tó ń gbé àárín ìlú pé Kuje ni ilé mi wà, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà níbẹ̀ ni. Mo ti bínú sí àwàdà yẹn títí tó fi sú mi. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ohùn mái ruwa tó ń ti omi kiri àdúgbò nìkan ni mo máa gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Á ní, "Hajiya, sànnu." Èmi náà á ní, "Yauwa, sànnu." Ó parí nìyẹn.

Ilé wa kò dákẹ́ báyìí rí. Nígbà tí Èyítáyọ̀ wà ní kékeré, mo máa ń gbé iṣẹ́ wálé. Ẹ̀rọ atẹ̀wé mi á wà lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, á máa dún kọ́kọ́kọ́, kọ́kọ́kọ́. Bí ọmọ náà bá ti iléèwé dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbóhùn sókè, "Okun o, Ìyá Kọ́kọ́kọ́!" Ìkíni ilé wa ni okun, bí àwọn Yorùbá yòókù ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Èyí tó kù, àfikún tirẹ̀ ni. Èmi náà á dáhùn pé, "Òo, okun, ọmọ mi. Wọlé, kó o jẹun." Baba rẹ̀ ní kò yẹ kí ọmọ máa fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ọmọ náà di géńdé, irùngbọ̀n yọ, kò jáwọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí àgbàlagbà obìnrin ni mí, mo ní iyì tí mò ń ṣọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni àwa obìnrin Yorùbá tó wà ní agbègbè wa máa ń ṣe àsàlátù. Ní ọdún 2017, nígbà tí olè orí fóònù pọ̀ jù, a pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, Ajíbọ́lá, pé kó wá là wá lọ́yẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ ṣáá, bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Ta ni wọ́n ní kó máa túmọ̀? Èmi náà ni. Mo dìde, mo tún ìborùn mi ṣe, mo ní, "Nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ bí." Ajíbọ́lá kò sọ ti ọmọ. Èmi ni mo fi kún un.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà pé wọ́n ti mú òun. Ẹnì kan ló pè é pé báńkì ni òun ti ń pè, ó ní kó ka nọ́ńbà, ó sì kà á. Mo ní, "Ìyá Abọ́sẹ̀dé, bó bá ní kẹ́ ẹ ka iye eyín ẹnu yín fún òun ńkọ́, ṣé ẹ máa la ẹnu sí fóònù ni?" Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín? Ó ti ń bọ̀ lọ́nà ilé mi.

Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ tí fóònù náà dún. Mo jókòó ní pálọ̀, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí atẹ. N kò mọ nọ́ńbà náà. Ohùn ọkùnrin kan ní, "Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mo ní, "Káàsán o. Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, Mà. Ara yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ àgbàlagbà wo ni kì í dùn? Ṣùgbọ́n n kò ro ìyẹn. Ohun tí mò ń rò ni pé ẹni yìí mọ̀ mí, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì mí. Àwa kì í sọ "Ta ni ọ́?" lu ẹni tó bá ti fi ọ̀yàyà kí wa. Á ní o ti gbàgbé òun, á sì sọ ọ́ káàkiri. A ó máa bi í léèrè ilé, a ó máa bi í léèrè ọmọ, a ó máa fi etí wá a kiri títí a ó fi mọ ẹni tó ń jẹ́. Kò sí ẹni tí kò ṣe é rí nínú wa, ní ọjà tàbí ní òde ìsìnkú, tí wọ́n dì mọ́ ọ tí ìwọ náà dì mọ́ wọn, tí o sì délé láìmọ ẹni tó dì mọ́ ọ.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ mí mọ́, àbí?" Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tí nǹkan dùn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe la ẹnu ara mi, tí mo mú orúkọ ọmọ mi, tí mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Èyítáyọ̀?"

Ó ní, "Èmi ni, Mọ́mì."

Atẹ ìrẹsì bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Mo sunkún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo bú u, mo tún dúpẹ́. Mo ní ṣé ó ti dé Ítálì ni, ó ní òun ti dé Ítálì. Mo ní ṣé òtútù ń mú un, ó ní òtútù ń mú òun gan-an. Mo ní ṣé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó pè mí láti ọjọ́ yìí, ó ní iṣẹ́ ni. Ẹ ẹ̀ rí i báyìí? Èmi ni mò ń béèrè, èmi náà ni mò ń dáhùn. Òun kàn ń gbé ìdáhùn mi padà fún mi ni.

Mo gbọ́ pé kò kí mi ní okun. Mo gbọ́ pé Mọ́mì ló ń pè mí, èyí tí ọmọ mi kì í ṣe. Mo rí i pé nọ́ńbà ilẹ̀ wa níbí ló fi pè. Ẹ má rò pé etí mi di, tàbí pé ojú mi fọ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá la aṣálẹ̀ kọjá, eré á ti tán lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ihò tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, èmi ni mo bá a dí i.

Ó ní òun fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n kírẹ́díìtì òun ń tán lọ. Ó ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì ATM mi, níwájú àti lẹ́yìn. Mo kà á. Ó ní nọ́ńbà kan á wọ fóònù mi báyìí, kí n kà á kíákíá, torí bí ìpè yìí bá já, òun kò mọ ìgbà tí òun á tún rí fóònù yá. Nọ́ńbà náà wọlé. Báńkì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé kí n má ṣe fi han ẹnikẹ́ni. Mo rí i, èmi tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún odidi ẹgbẹ́. Kì í ṣe owó ló fọ́ mi lójú, Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ìpè náà máa já. Mo kà á fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń ka A, B, D fún Èyítáyọ̀ nígbà tí kò tíì mọ̀wé.

Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Ó pa fóònù.

Kò pẹ́ tí fóònù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí àga. Mo sáré gbé e, mo rò pé òun ló tún ń pè. Àlẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀kan wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí kò fi sí ohun tí wọ́n lè mú mọ́ nínú owó tí ìjọba fi sin mí délé. Mo jókòó sílẹ̀ láàrin ìrẹsì. Ẹ óò sọ pé owó ni mò ń sunkún. Rárá o. Mò ń sunkún pé Èyítáyọ̀ kò pè.

Oyíndà, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ni mo sọ ọ́ fún. Báńkì ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́, ní Wuse. Abuja ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Kó tó dé Kuje lọ́jọ́ kejì, ó ti bá báńkì mi sọ̀rọ̀, wọ́n ti ti àkáǹtì náà pa, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Kò bú mi. Ó gbá ìrẹsì tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Èyí ló bí mi nínú jù.

Ó ní, "Mọ́mì Kuje, àwọn èèyàn yẹn máa ń ta nọ́ńbà fún ara wọn. Wọ́n máa tún pè. Please, ẹ jẹ́ ká ti láìnì yìí pa, ká ra new one."

"Láìnì wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò. Ó ti spoil."

Mo ní, "Ìwọ náà lọ ti orúkọ baba rẹ pa ná, kó o ra tuntun."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Torí Bọ̀dá Táyọ̀ ni?"

Mo dìde lọ wo omi tí mo gbé kaná.

"Mọ́mì, it's been long o. Bóyá Bọ̀dá Táyọ̀ ti…"

Kò parí rẹ̀. Ó ṣe é lóore pé kò parí rẹ̀, torí omi gbígbóná wà lórí iná, inú mi sì ń gbóná jù ú lọ. Ṣé ó rò pé n kò mọ ohun tó fẹ́ sọ? Ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń kan ilẹ̀kùn mi, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé n kò sí nílé. Bí mo bá ti láìnì yẹn pa, a jẹ́ pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi sin ín.

Oyíndà mú fóònù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Okay. Ẹ fi láìnì yìí sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yọ báńkì kúrò lórí ẹ̀. Ká ra láìnì kékeré kan tó jẹ́ fún báńkì nìkan, kẹ́nikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Bí olè bá wá pè yín lórí èyí, kò ní rí nothing."

Mo wo ọmọ náà. Orí rẹ̀ pé ju bí mo ṣe rò lọ. A wọkọ̀ lọ sí báńkì, a tò, a tẹ̀ka, a ṣe gbogbo rẹ̀. Láìnì báńkì wà nínú fóònù kékeré kan lábẹ́ aṣọ mi nínú àpótí, kì í jáde, kì í sọ̀rọ̀. Káàdì tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù yẹn. Láìnì Èyítáyọ̀ wà lọ́wọ́ mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Oyíndà kìlọ̀ fún mi. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá pè tó ní ṣé n kò mọ òun mọ́ ni, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí n jẹ́ kó dárúkọ ara rẹ̀, kí n sì wá nǹkan tí onítọ̀hún nìkan mọ̀, kí n dúró títí yóò fi sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé nǹkan kan wà tí Bọ̀dá Táyọ̀ nìkan mọ̀?"

Mo ní ó wà.

"Kí ni?"

Mo ní, "Ṣé olè ni ọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín, ó sì pa èmi náà lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, n kò lọ sí àsàlátù mọ́. Ìyá Abọ́sẹ̀dé wá wò mí. Ó gbé àkàrà wá, ó jókòó, ó bi mí léèrè ara, ó bá mi bú ìjọba, ó sì lọ. Kò mẹ́nu kan eyín. Nígbà tó lọ tán, mo wo àga tó jókòó sí títí, ó sì dùn mí pé n kò ní kó dúró díẹ̀ sí i.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí wọ́n tún pè. Ọ̀sán ni. Nọ́ńbà mìíràn ni, ohùn kan náà ni.

"Mọ́mì, Èyítáyọ̀ ni o."

Mo mọ ohùn náà. Ọkàn mi sì tún fò síbẹ̀, òmùgọ̀ ọkàn. Ó ní ohun tí òun fi ránṣẹ́ há sọ́nà, nọ́ńbà mìíràn á wọlé báyìí, kí n ka ìyẹn náà. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń kiri píọ̀ wọ́tà. Ítálì ti wọn nìyẹn.

Ó yẹ kí n pa fóònù. Mo mọ̀. Oyíndà ti sọ fún mi pé kí n pa á láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n n kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, mái ruwa pàápàá kò wá nítorí òjò. Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ó já a láyà díẹ̀. Ó ní, "Mo ti jẹun, Mọ́mì."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì."

"Ìrẹsì nìkan?"

"Pẹ̀lú ẹyin." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ. Ọmọdé ni, bí ọmọ mi ṣe rí nígbà tó ń lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé nọ́ńbà yẹn ti wọlé?"

Mo ní, "Èyítáyọ̀ kì í kí mi báyìí."

Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ń tì. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀, ó rọ̀ bí ohùn ọmọ tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti pẹ́, ojú mi ti rí nǹkan. Báwo ni mo ṣe máa ń kí yín? Ẹ rán mi létí. Màá kí yín bẹ́ẹ̀ báyìí."

Ó wà lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò sí ẹni tí mò ń tàn: ó wà lórí ahọ́n mi. Kò sí ẹni tó ti kí mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ mi ti lọ. Ohùn ọkùnrin rèé, ohùn ọ̀dọ́, ó ti ṣetán láti sọ ọ́ sí mi létí, bí mo bá ti kà á fún un báyìí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ju bí mo ṣe fẹ́ rí owó mi gbà padà lọ. Olè ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n etí mi kò béèrè ẹni tó máa sọ ọ́.

Bí mo bá wá fún un, kí ni màá fi mọ ọmọ mi lọ́jọ́ tó bá pè?

"Mọ́mì? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀." Mo wá sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí n kò sọ sí ẹni tó kí mi rí láyé mi. Mo ní, "Ìwọ yìí, ta ni ọ́?"

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ píọ̀ wọ́tà.

Mo ní, "Orúkọ ọmọ mi ni mo gbé fún ọ, mo gbà á padà lónìí. Bí o bá ní ìyá, pe òun. Bóyá òun náà ń dúró."

Mo pa fóònù kí ó tó pa á.

Kò pè mọ́. Ó ti mọ̀ pé kò sí nǹkan fún òun níbẹ̀. Ẹlòmíràn kò sì pè. Mo gbé fóònù náà lé ojú fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró, mo wò ó pé iná rẹ̀ kún, mo jókòó tì í. Òjò ti dá. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó pẹ́, mo sọ ọ́ fúnra mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ògiri má baà gbọ́ ọ: "Okun o, Ìyá Kọ́kọ́kọ́."

Mo dúró díẹ̀, mo sì ní, "Òo, okun, ọmọ mi. Wọlé, kó o jẹun."